Wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mi, jíà kò wọlé mọ́: ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì ilẹ̀ Okun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ni, Ìyàrá:

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí owó tí wọ́n ní kí n lọ wá ju agbára mi lọ lásìkò yìí.

Toyota Carina E tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni. Òun ni mo fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ láti Ìyàrá sí Kábà lójoojúmọ́. Ó tó oṣù méjì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń yọ̀: bí mo bá dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ariwo ẹ́ńjìnì á máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò ní pọ̀ sí i. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé e fún mẹkáníìkì, ó sì pààrọ̀ dísìkì, pressure plate àti release bearing, gbogbo wọn ní tuntun. Nígbà tí mo lọ gbà á ní ìrọ̀lẹ́, jíà ń wọlé nínú ọgbà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le díẹ̀. Wọ́n ní tuntun ni, yóò rọ̀ bó bá yá. N kò tíì dé ilé tí jíà kìíní fi kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tí rìfáàsì sì ń ké bí ẹni ń fi irin lọ irin. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ló bá mi tì í dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ohun tí mẹkáníìkì náà ń sọ báyìí ni pé jíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, kí n lọ wá owó tòkúnbọ̀ mìíràn. Ìbéèrè mi ni èyí: ṣé jíábọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ Sátidé lè bàjẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tó jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì nìkan la pààrọ̀?

Mẹkáníìkì, Ìsánlú:

Ẹ kú ìyà ọkọ̀ o, Tíṣà. Ẹ má ì ra jíábọ́ọ̀sì kankan. Àṣìṣe tó ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé a máa ń sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí a tó béèrè ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ jíábọ́ọ̀sì tó sì ń tú wọn, ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù ba òun. Dísìkì wà láàárín flywheel tó ń bá ẹ́ńjìnì yí àti pressure plate tó ń tẹ dísìkì náà mọ́ ọn. Eyín inú ihò dísìkì ló wọ orí ọ̀pá tó gba inú jíábọ́ọ̀sì lọ. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, sílíńdà òkè, èyí tí a ń pè ní upper, yóò ti ọ́ìlì gba inú páìpù àti họ́ọ̀sì lọ sí ìsàlẹ̀. Sílíńdà ìsàlẹ̀, ìyẹn lower, yóò ti fọ́ọ̀kì. Fọ́ọ̀kì yóò ti release bearing. Release bearing yóò sì tẹ ìka pressure plate títí yóò fi tú dísìkì sílẹ̀. Bí ẹyọ kan bá kùnà nínú wọn, dísìkì kò ní tú tán, ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì yóò máa bá ẹ́ńjìnì yí lọ, jíà kò sì ní lè wọlé, nítorí ohun tó yẹ kó dúró ṣì ń sáré. Òrùka idẹ tó ń mú eré àwọn jíà iwájú dọ́gba lè bo àṣírí rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rìfáàsì kò ní òrùka yẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ń ké.

Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì fi jíà sí gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti kìíní dé ìkarùn-ún àti rìfáàsì. Bí wọ́n bá kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ wáyà tí a fi ń yí jíà tàbí nínú jíábọ́ọ̀sì. Bí gbogbo wọn bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú, kò sì sí ìdí láti fura sí jíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú rẹ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ fi í sí jíà kìíní, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá sítáàtì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ fò síwájú, ẹ̀rí nìyẹn pé dísìkì kò tú. Ìkẹta, ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kíákíá, ẹ sì gbìyànjú jíà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ jù.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi rí lórí bọ́ọ̀sì Hiace tí mo fi ń ná Ìlọrin. Èmi ò mọ̀ pé dísìkì ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mi ṣe é fi í sódì: ó kọ ìhà tí ibi àwọn sípíríǹgì ti yọ síta sí flywheel, bẹ́ẹ̀ ìhà jíábọ́ọ̀sì ló yẹ kó kọ ọ́ sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u tán, ó hàn gbangba lára àwọn bóòtì flywheel pé dísìkì náà ti ń ha wọ́n. Ọ̀pọ̀ dísìkì ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí lára láti fi ìhà tí yóò kọjú sí flywheel hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó wò ó.

Ohun mìíràn tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń gbé jíábọ́ọ̀sì padà, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ rọ̀ sórí ọ̀pá tó wọ inú dísìkì. Bí ọ̀pá bá ti wọ inú dísìkì tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìfi jáàkì gbé e, kí wọ́n lọ wá bóòtì, dísìkì tuntun lè tẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, kò sí bí a ó ṣe tẹ pẹ́dàlì tó tí yóò tú dáadáa.

Mẹkáníìkì, Ìsánlú:

Òótọ́ ni Awakọ̀ sọ, mo sì ti rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan: dísìkì tí a fi sódì kì í fún èèyàn ní àǹfààní rárá, láti ìgbà tí a bá ti kọ́kọ́ sítáàtì ni jíà yóò ti kọ̀. Tíṣà sọ pé jíà ń wọlé nínú ọgbà, ó sì kọ̀ lójú ọ̀nà. Nǹkan kan ló yí padà láàárín wákàtí yẹn, bẹ́ẹ̀ dísìkì kì í yí ara rẹ̀ padà. Mo ṣì ń retí èsì àyẹ̀wò.

Olùkọ́ni, Ìyàrá:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, gbogbo jíà ló wọlé láìsí wàhálà, títí kan rìfáàsì. Nígbà tí mo sítáàtì nínú jíà kìíní, tí mo sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ta síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa okùn ọrùn rẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí mo tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀márùn-ún kíákíá, jíà kẹta wọlé, kìíní náà sì wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi sórí pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀, mo ka ogún, mo tún gbìyànjú, ó tún kọ̀.

Mẹkáníìkì, Ìsánlú:

Ọkàn mi balẹ̀ báyìí, kí tiyín náà balẹ̀. Jíábọ́ọ̀sì yín kò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ dísìkì ló tẹ̀ tàbí tí wọ́n fi sódì, ẹ ìbá tẹ pẹ́dàlì nígbà ogún, kò ní yí padà. Bí títẹ̀ léraléra bá ti mú un sàn, tó sì tún burú bí ẹ ti dúró, ọ̀nà ọ́ìlì ni ẹ̀bi wà. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé upper tàbí lower ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà, ó sì lè jẹ́ họ́ọ̀sì.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí nígbà tí wọ́n bá sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n máa ń tú lower kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì tẹ pẹ́dàlì nígbà tí lower ṣì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, písítìnì inú rẹ̀ lè yọ síta, ọ́ìlì á dà, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí a ṣe ń fà á jáde rèé. Ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun, tí kílọ́ọ̀ṣì náà ń lò, kún ike ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín tó mọ́ sẹ́nu nípùlù ara lower, ìyẹn ẹnu kékeré tí a ń tú kí ọ́ìlì lè jáde, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀, kó sì dì í mú mọ́lẹ̀; kí ẹni tó wà níta tú nípùlù, kí ọ́ìlì òun afẹ́fẹ́ jáde, kó sì tì í padà KÍ ẹni inú ọkọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ nígbà tí nípùlù ṣì ṣí, afẹ́fẹ́ ni yóò tún fà wọlé. Ẹ máa ṣe é títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní máa hó jáde nínú ìgò mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike gbẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wo nǹkan mẹ́rin fún mi. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè, kí ẹ wò bóyá ọ́ìlì ń ro láti ìdí upper. Ẹ ká rọ́bà ẹnu lower díẹ̀, kí ẹ wò bóyá ó tutù nínú. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ pẹ́dàlì, kí ẹ sì wo bí ọ̀pá lower ti jáde tó: ó yẹ kó tó ìbú ìka kan tàbí kó súnmọ́ ọn. Ìkẹrin, ẹ ṣí ike ọ́ìlì náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì, ẹ sì wo rọ́bà inú ìdérí rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ Golf, Kábà:

Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, èmi náà ní Golf 3 tó ṣòro láti fi sí jíà lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ṣé kí n fa afẹ́fẹ́ jáde nínú tèmi náà?

Mẹkáníìkì, Ìsánlú:

Rárá o. Ọ̀pọ̀ Golf 2 àti Golf 3 kò ní upper tàbí lower, wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ wo bóyá wáyà náà wà ní ipò rẹ̀ lórí apá tó ń fà, bóyá ara rẹ̀ ti ń ya, àti bóyá ó ti rọ̀ jù.

Iṣẹ́ wọn tún yàtọ̀ nínú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pressure plate ni wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnì ṣáájú, flywheel a sì bò ó láti òde, ìdàkejì ohun tí a ń ṣe fún Toyota. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba inú ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì kọjá láti ti kílọ́ọ̀ṣì, release bearing rẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun jíábọ́ọ̀sì, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbàgbé láti dá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn padà. Ẹ wá ẹni tó mọ Golf, kì í ṣe ẹni tó mọ ọkọ̀ lásán.

Ará Mọ̀pà:

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Carina àti irú rẹ̀ tí táyà iwájú ń fà, wọn kì í lè sọ jíábọ́ọ̀sì wọn kalẹ̀ láìyọ àwọn ọ̀pá tó ń yí táyà, bí wọ́n bá sì yọ wọ́n, ọ́ìlì jíà á dà. Àwọn kan máa ń gbàgbé láti dá a padà, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀nba padà. Jíà tí kò ní ọ́ìlì tó yóò le, lẹ́yìn náà ni yóò wá bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ tú bóòtì ẹ̀gbẹ́ jíábọ́ọ̀sì níbi tó tẹ́jú, kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ihò náà.

Olùkọ́ni, Ìyàrá:

Ẹ̀yin ará mi, mo ṣí ike ọ́ìlì náà láàárọ̀ yìí, ẹnu sì yà mí. Ọ́ìlì inú rẹ̀ pupa. Rọ́bà inú ìdérí ti wú, ó ti ká kò, kò bá ẹnu ike náà mu mọ́. Mo ní kí ọmọ mi tẹ pẹ́dàlì, mo sì wo ìsàlẹ̀: ọ̀pá lower kò jáde ju ìdajì èékánná mi lọ, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì rọ́bà tó lọ bá a ń wú sókè bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́ tí ń ké, bí ó bá sì gbé ẹsẹ̀, họ́ọ̀sì á rọlẹ̀ padà.

Mo wá rántí pé nígbà tí mo wà ní ọgbà wọn, ọmọ iṣẹ́ kan bu ọ́ìlì pupa láti inú gálọ́ọ̀nù kan tó wà lẹ́bàá ògiri, ó dà á sínú ọkọ̀ mi. N kò mọ ohun tó jẹ́, n kò sì béèrè.

Mẹkáníìkì, Ìsánlú:

A ti rí i. Ọ́ìlì pupa yẹn ni ọ́ìlì sítíárìn àti ti jíà ọ̀tọ́mátíìkì. Wọn kì í dà á sínú kílọ́ọ̀ṣì tàbí bíréèkì láéláé. Ọ́ìlì bíréèkì, èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, kì í ṣe ọmọ epo rọ̀bì bí àwọn ọ́ìlì yòókù, àwọn rọ́bà inú upper, lower àti họ́ọ̀sì ni wọ́n sì ṣe láti bá òun nìkan gbé. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ọ́ìlì pupa bá kàn wọ́n, wọn á mu ún, wọn á wú, wọn á rọ̀. Rọ́bà inú ìdérí tó wú ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Họ́ọ̀sì tó ti gbó lè ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù fún un ni ọ́ìlì yìí bá a ṣe, gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín ló sì ń tán sínú wíwú rẹ̀ dípò kó dé ọ̀dọ̀ lower.

Ẹ má wulẹ̀ fa afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ sì rò pé ó parí. Gbogbo rọ́bà tó ti kan ọ́ìlì pupa yẹn gbọ́dọ̀ jáde: ẹ pààrọ̀ upper àti lower, tàbí ó kéré tán kí ẹ ra rọ́bà inú wọn ní tuntun, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti rọ́bà ìdérí. Kí wọ́n fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ páìpù irin títí tí àwọ̀ pupa kò fi ní sí mọ́. Ẹ ra ọ́ìlì inú ìgò tí ẹ fúnra yín já ìdérí rẹ̀, nítorí ọ́ìlì bíréèkì tó ti ṣí sílẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó kán sára ọkọ̀, ó ń ṣí ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ rèé. Ike ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì Carina yín dá wà, Tíṣà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ike kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ń lò. Ká ní irú wọn ni tiyín, ọ́ìlì pupa yẹn ìbá ti wọ bíréèkì. Ẹ ro ó wò, kí bíréèkì wú kó sì dì, tàbí kó kọ̀, níwájú tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọbajànà. Ẹ ṣí ike bíréèkì yín lónìí yìí náà, kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà níbikíbi. Bí ẹ bá rí pupa níbẹ̀, kó má ṣe kúrò lójú kan.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ gbé họ́ọ̀sì àtijọ́ àti upper àtijọ́ dání lọ sí ọjà, ẹ má ṣe fi ẹnu júwe. Carina E wà lóríṣiríṣi, ojú bóòtì wọn kì í dọ́gba. Tíṣà, bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ bá ọ̀gá mẹkáníìkì náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó lè máà mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dà síbẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn sì lè wà lọ́nà tó ti gba lára gálọ́ọ̀nù yẹn.

Olùkọ́ni, Ìyàrá:

Mo padà wá jábọ̀. Ọ́ìlì inú ike bíréèkì mọ́, ó ní àwọ̀ oyin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, rọ́bà ìdérí rẹ̀ kò sì wú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo bá ọ̀gá mẹkáníìkì náà sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Awakọ̀ ti wí. Mo fi ìdérí tó wú hàn án. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe ọmọ iṣẹ́ náà, ó sì ní kó gbé gálọ́ọ̀nù yẹn wá. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó bẹ̀ mí, ó sì ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó iṣẹ́. Èmi ni mo ra upper, lower, họ́ọ̀sì àti ìdérí. Owó gbogbo wọn kò súnmọ́ owó jíábọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n wá. Ó tún ní òun yóò pe àwọn ọlọ́kọ̀ méjì mìíràn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ fún lọ́sẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde tán, ọ̀pá lower jáde tó ìbú ìka, jíà kìíní àti rìfáàsì sì wọlé láìké. Jíà kẹta nìkan ló ṣì le láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ Ará Mọ̀pà náà: nígbà tí wọ́n tú bóòtì ẹ̀gbẹ́, ìka kò kan ọ́ìlì rárá. Wọ́n fi ọ́ìlì jíà kún un títí ó fi dé etí ihò, kẹta náà sì ti rọ̀.

Ará Mọ̀pà:

Ẹ kú oríire. Ẹ tún wo ibi tí ọ̀pá táyà ti wọ jíábọ́ọ̀sì ní apá méjèèjì, bóyá ọ́ìlì ń ro níbẹ̀. Àwọn rọ́bà ibẹ̀ máa ń ya bí wọ́n bá fi ọ̀pá padà láìrọra.

Olùkọ́ni, Ìyàrá:

Mo ti wò ó, ó gbẹ. Mo ti lọ sí Kábà mo sì ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí ike kílọ́ọ̀ṣì kí n tó jáde, ọ́ìlì rẹ̀ kò lọ sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà.